Ojú Rírán Méje Lẹ́nu Lẹ́tà

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ Sátidé, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kìíní, 1988.

Màmá mi,

Ẹ kú ọyẹ́ yìí, ẹ kú iṣẹ́ awọ. Ẹ ní kí n má kàn kọ ọ́ pé ara mi le, kí n sọ bí mo ṣe ń lo ọjọ́ mi kí ẹ lè fojú inú rí i. Òwúrọ̀ mi nìyí.

Kí n tó jáde nílé, mo ti mu omi kọ́ọ̀bù méjì, nínú kọ́ọ̀bù aláwọ̀ ewé tí ẹ rà fún mi l'Ákẹ̀sán. Kọ́ọ̀bù kìíní ni mo fi ń gbé oògùn mi mì, yẹ́lò kékeré ti ẹ̀jẹ̀ àti funfun ti ibà. Ìkejì, mo máa ń mu ún díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe ń tẹ́ ibùsùn. Lẹ́yìn náà màá wọ súwẹ́tà, màá rin ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan tó wà lẹ́yìn Tákíé. Èmi ni mo ń gbá a. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ pẹpẹ wá sí ẹnu ọ̀nà. Garawa omi kan wà ní igun, màá fi ọwọ́ bù ú wọ́n ilẹ̀ kí eruku má baà dìde. Bẹ́ǹṣì méjìdínlógún ló wà níbẹ̀, mo sì ní igi kan tí mo gé, tí mo fi ń wọn àlàfo àárín bẹ́ǹṣì kan sí èkejì. Kò sẹ́ni tó ní kí n wọ̀n ọ́n. Mo kàn fẹ́ràn bó ṣe máa ń rí nígbà tí mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mo wẹ̀yìn wò. Ohun tí mo máa ń nù kẹ́yìn ni àpótí pákó kan lábẹ́ pẹpẹ, tó ní àgádágodo níwájú àti ihò kan lórí. Kì í ṣe àpótí ọrẹ. Ti ọrẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Tí mo bá sún un, ohun kan máa ń mì ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú rẹ̀. Mi ò tíì béèrè ohun tó jẹ́.

Ẹ mọ̀ mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo lò ní ilé-ẹ̀kọ́ tíṣà yìí láìbá ẹnikẹ́ni sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti mọ ara wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n á máa dápàárá tí mi ò mọ orí rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan mo lọ jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tó máa yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa gbálẹ̀. Mi ò mọ bí ọwọ́ mi ṣe lọ sókè. Lẹ́yìn ìsìn, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Sístà Leah rìn wá bá mi.

Ó ní, "Ọ̀yọ́ lo ti wá."

Mo ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀ mà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Wo bó o ṣe kúnlẹ̀ tán kó o tó dáhùn. Ọmọ tiwa níbí á ti sọ̀rọ̀ dé ìdajì kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti gbé mọ́ínmọ́ín ewé mẹ́ta wá fún mi. Ìlọrin ni Pásítọ̀ ń gbé, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wá, nítorí náà Sístà Leah ló ń darí ohun gbogbo. Ó ti mú mi wọ agbo rẹ̀. Agbo ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ kéékèèké tó ń pàdé nínú ilé láàárín ọ̀sẹ̀. Àwa méjìlá là ń jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, tí a ń kọrin, tí a ń kàwé. Èmi ni mò ń máàkì orúkọ.

Nínú ìwé orúkọ yẹn ni mo ti rí orúkọ Bọ́lánlé, ọmọ ilé kejì wa tí ẹ ní kí n wá kàn. Sístà Leah ní ó ti lọ sí ilé àdúrà wọn ní Ìkòyí-Ilé, pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀ níbẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún ìyá rẹ̀.

Ẹ fi ata gbígbẹ ránṣẹ́ sí mi. Ilé tí mò ń gbé kò ní àpótí ìfìwéránṣẹ́, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ máa lò. Mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́yìn. Mo ti rán ẹnu lẹ́tà yìí bí ẹ ṣe kọ́ mi, ojú rírán méje. Bó bá wọ́, ọyẹ́ ló mú mi níka.

Ọmọ yín,
Ẹ̀yẹolúwa.


Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́,
Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì, 1988.

Àwẹ̀ró ọmọ mi,

O kú ẹ̀kọ́, o kú àìfararọ àjèjì. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta fún ara mi, mo ka ìkẹrin fún Ìyá Bọ́lánlé. Òwú rẹ kò wọ́ rárá. Gbogbo oníbàárà tó wọlé lọ́jọ́ yẹn ni mo fi hàn, mo ní ẹ wá wo ọwọ́ ọmọ mi. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kò jẹ́ kí gọ́ọ̀mù kan lẹ́tà nínú ilé yìí rí. Ó ní ìdílé tó ń rán awọ tí kò lè rán ẹnu ìwé, kí ló wá ń rán?

Inú mi dùn pé o rí ẹni gbé oúnjẹ wá bá ọ. Èmi ni mo máa ń sọ ọ́ pé o kì í yá mọ́ èèyàn. Ní kékeré, bí àlejò bá wọlé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wàá wà, tí wàá máa ka bọ́tìnnì aṣọ wọn. Máa gbálẹ̀ Ọlọ́run, máa bá wọn kọrin. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí dáadáa: sọ fún Sístà Leah pé ìwọ kì í gba ààwẹ̀ tí kò ní omi. O rántí ọdún kẹta sẹ́yìn tí eegun ro ọ́ títí a fi gbé ọ dé ọsibítù. Kí ni dókítà wí? Omi, ó ní, omi àti oògùn lójoojúmọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tí èèyàn ń fi òùngbẹ dán wò.

Ọ̀rọ̀ Bọ́lánlé ń rú ìyá rẹ̀ lójú. Lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Kérésì, ìkọ̀wé náà wẹ́wẹ́, ó tò bí ìlẹ̀kẹ̀. Bọ́lánlé tí kì í rí ìlà ìwé láìwọ awò ojú, tó ń kọ̀wé gàdàgbà bí ẹni ń kọ ọ́ sára ògiri! Mo ní bóyá ó rí ẹni bá a kọ ọ́. Bá wa béèrè. Wàá dá awò rẹ̀ mọ̀. Apá rẹ̀ kan kán, èmi ni mo fi awọ pupa dì í.

Zulaikha tó ń ra tìmùtìmù lọ́wọ́ mi á gbé ata àti oògùn oṣù mìíràn wá fún ọ. Àlùbọ́sà ló ń tà ní Sábó Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Má jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ bà ọ́ lẹ́rù, ẹnu lásán ni.

Ojú rírán méje ni mo fi pa èyí dé, òwú tí mo fi ìda pa.

Ìyá rẹ,
Oyèrónkẹ́.


Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta, 1988.

Màmá mi,

Ẹ kú ooru, ẹ kú ìdúró lẹ́tà. Zulaikha gbé ata àti oògùn dé. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ọmọ Oyèrónkẹ́ rèé? Ìyá ẹ ń fi awọ kún tìmùtìmù, ìwọ ò fi nǹkan kan kún ẹ̀rẹ̀kẹ́!" Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín títí ó fi lọ.

Lẹ́tà yín dé ọwọ́ mi lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá. Sístà Leah ló fún mi. Ihò méje ló wà lẹ́nu rẹ̀, ojú rírán mẹ́fà. Wọ́n fo ihò kan. Òwú náà kì í ṣe tiyín. Òwú aránṣọ lásán ni, kò ní ìda lára. Mo dúró, mò ń wò ó.

Sístà Leah ní, "Kí lò ń wò?"

Mo ní, "Òwú yìí ni mà."

Kò bínú. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. "A máa ń gbàdúrà lórí lẹ́tà kó tó dé ọwọ́ ọmọ agbo. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń ti ilé wá ló ń gbé èèyàn ró. Mo gbìyànjú láti rán an bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àbí kò jọ ọ́?"

Ó jọ ọ́, Màmá. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù, pé ó jókòó ti abẹ́rẹ́ kó lè jọ ọ́. Ṣùgbọ́n bóyá èmi ni mò ń wo nǹkan jù, bí ẹ ṣe máa ń sọ. Obìnrin náà ṣe dáadáa fún mi. Nígbà tí inú rírun mú mi, ó jókòó tì mí láti àárọ̀ títí di ọ̀sán.

Lọ́jọ́rú tó kọjá, wọ́n ní kí kálukú dárúkọ ohun tó ń fara tì dípò Ọlọ́run. Wọ́n ti gbé àpótí abẹ́ pẹpẹ wá sí pálọ̀. Àpótí Ìgbàgbọ́ ni orúkọ rẹ̀. Arákùnrin Ọláníyì tó ń wa bọ́ọ̀sì ìjọ ní sìgá ni tòun. Ó yọ páálí rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n fa ẹyọ kan kí n fi dágbére fún un." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, ó sì jù ú sínú ihò. Ìyá àgbà kan ju oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sí i, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló kàn mí. Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí, Rose ni orúkọ rẹ̀, di ọwọ́ mi mú. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, kò tíì sí ẹni tó di ọwọ́ mi mú. Ni mo bá sọ ọ́. Mo sọ nípa ẹ̀jẹ̀ mi, nípa eegun ríro, nípa oògùn. Sístà Leah kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ó ní, "A ò ní kánjú ẹ, ọmọ mi. Ìwọ fúnra ẹ lo máa gbé e wá."

Mi ò tíì gbé e wá.

Àpótí náà ti kún, Sístà Leah ṣí i láti fi ọwọ́ tẹ ohun inú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo rí awò ojú kan láàárín àwọn ìgò, awọ pupa ni wọ́n fi di apá rẹ̀. Mo béèrè bóyá ti Bọ́lánlé ni.

Ó ti ìdérí padà. Ó ní, "Kò nílò rẹ̀ mọ́."

Èmi fúnra mi ni mo gbé lẹ́tà yìí lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹ má bínú sí mi.

Ẹ̀yẹolúwa yín.


Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́,
Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta, 1988.

Ẹ̀yẹolúwa,

Mi ò kí ọ lónìí, ọ̀rọ̀ ló kún mi lẹ́nu. "Mi ò tíì gbé e wá." Kí nìtúmọ̀ ìyẹn? Ta ló ń dúró dè ọ́? Oògùn tí mo ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn lọ rà, ṣé kí wọ́n pàtẹ́wọ́ lé e lórí ni?

Mo jẹ̀bi, mo mọ̀. Èmi ni mo ní kí o yá mọ́ èèyàn. Mi ò sọ irú èèyàn tó yẹ kí o yá mọ́.

Ìyá Bọ́lánlé wọkọ̀ lọ sí Ìkòyí-Ilé ní ìjẹrin. Wọn ò jẹ́ kó kọjá ẹnu géètì. Wọ́n ní ọmọ rẹ̀ wà nínú ìdákẹ́jẹ́, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ló dúró sí títí Bọ́lánlé fi kọjá lọ́ọ̀ọ́kán, nínú aṣọ funfun. Ó ní ó rù, ó sì ń fi ọwọ́ tọ ara ògiri bó ṣe ń lọ. Ìyá rẹ̀ pariwo orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà dúró, ó yí ojú sí ibi tí ohùn náà kò ti wá.

Irin tí mo fi ń lu awọ já lé mi lẹ́sẹ̀, ó wú, bàtà kò wọ̀ ọ́. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ǹ bá ti wà lọ́dọ̀ rẹ. Kúrò nínú agbo yẹn. Bí o bá gba lẹ́tà yìí, fèsì lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìyá rẹ.


Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, 1988.

Àwẹ̀ró,

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún rèé. Ṣé inú ń bí ọ sí mi ni? Bínú, ṣùgbọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kí n rí i.

Ìyá rẹ.


Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin, 1988.

Sí ìyá mi nípa ti ara,

Mo kí yín ní orúkọ Olúwa. Mo wà ní àlàáfíà pípé. Ní ọjọ́ Àjíǹde, mo fi ayọ̀ kó àwọn oògùn mi sínú Àpótí Ìgbàgbọ́, níwájú gbogbo ìjọ. Mi ò nílò wọn mọ́. Mo ti kó lọ sí ilé Sístà Leah, níbi tí ìmúrasílẹ̀ ti rọrùn. Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí, a ó lọ sí Ìkòyí-Ilé fún ọjọ́ méje láìjẹ, láìmu.

Ẹ má ṣe fi ohunkóhun rán obìnrin Sábó nì sí mi mọ́. Ẹ má ṣe wá. Ìfẹ́ ti ara a máa dí ìwòsàn lọ́wọ́.

Èmi ni,
Ẹ̀yẹolúwa.


Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́,
Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹrin, 1988.

Àwẹ̀ró, ọmọ tí mo pọ̀n,

Lẹ́tà kan dé. Ìkọ̀wé rẹ ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ẹnu rẹ̀. Mo yí i po, mò ń wá ihò abẹ́rẹ́ bí afọ́jú. Mo wá jókòó sílẹ̀, mo ní: ọmọ mi ló kọ èyí, òun kọ́ ló pa á dé. Ẹni tó bá pa lẹ́tà dé náà ló ni ín.

Nítorí náà mi ò dáhùn ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Mo kọ̀wé méjì sí ọ ní oṣù tó kọjá. Bí o kò bá rí wọn, ohun tó wà nínú wọn ni pé Bọ́lánlé ò ríran ní Ìkòyí-Ilé, ó ń fọwọ́ tọ ògiri, ó ti rù. Awò rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà. Tìrẹ, oògùn àti omi ni. Bọ́lánlé ṣì ń rìn. Ìwọ ò ní rìn. Mi ò fẹ́ kọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Bọ́lánlé ti dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Wọ́n ní ọmọ náà ti ju ogún ọdún lọ, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, kí ló fi hàn pé wọ́n dá a dúró? Kò rí nǹkan kan fi hàn wọ́n.

Zulaikha ló gbé èyí wá. Màá wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kí ọkọ̀ wọn tó gbéra, bí wọ́n bá tilẹ̀ ní láti gbé mi sọ̀ kalẹ̀. Títí dìgbà náà, máa mu omi. Jí i mu bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run kò ní kà á sí olè.

Ìyá rẹ.


Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹrin, 1988. Ọ̀sán.

Màmá mi,

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń kọ èyí, lórí bẹ́ǹṣì kẹsàn-án. Wọ́n rò pé mò ń nu bẹ́ǹṣì fún ìsìn ìdágbére. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èyí: wọ́n ti yí ọjọ́ padà. Kì í ṣe Sátidé mọ́. Ọ̀la ni, aago mẹ́fà àárọ̀. Bí ẹ bá dé lọ́jọ́ Sátidé, ṣọ́ọ̀ṣì òfìfo lẹ máa bá.

Mi ò rí lẹ́tà yín méjèèjì ti oṣù kẹta. Sístà Leah ló ka èyí tí ẹ gbà sí mi létí, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ ọ́. Mo ní kí n rán ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Gọ́ọ̀mù ló yá jù." Mi ò jiyàn. Mo mọ̀ pé ẹ máa yí i po.

Oògùn náà, òótọ́ ni. Èmi ni mo jù ú síbẹ̀, kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Gbogbo ìjọ dìde, wọ́n ń pe orúkọ mi. Mi ò ní purọ́ fún yín, kò tíì sí ọjọ́ tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìdùnnú náà tó ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìyẹn orúnkún mi bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún Sístà Leah. Omi lé ròrò lójú rẹ̀, omijé tòótọ́, ó sì ní ìwòsàn ló ń jà nínú eegun mi. Ó gbà á gbọ́, Màmá. Ì bá rọrùn fún mi bó bá jẹ́ òpùrọ́. Láti ọjọ́ Ajé, kọ́ọ̀bù omi kan lójúmọ́ ni fún ẹni tó ń lọ sí Ìkòyí-Ilé. Òun fúnra rẹ̀ kì í mu ju ìdajì lọ.

Àná ni Zulaikha dé ẹnu ọ̀nà wa, ó ń polówó. Sístà Leah ní a ò rà.

Zulaikha ní, "Hajia, ẹ wò ó ná, owó kọ́ ni wíwò."

"Èmi kì í ṣe Hajia."

"Áà! Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ dé ibẹ̀!"

Arákùnrin Ọláníyì bú sẹ́rìn-ín, ó yára fi ìkọ́ bò ó. Zulaikha ti jókòó, ó ti ń ṣa àlùbọ́sà sínú ewé fún mi. Ó ní, "Ọmọ, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni kó o kọ́kọ́ bó." Ibẹ̀ ni mo ti rí lẹ́tà yín, ó kéré bí àtàǹpàkò, ojú rírán méje, ìda lára òwú. Mo kà á nílé ìyàgbẹ́. Nígbà tí mo sin Zulaikha dé ìta, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láìwo ojú mi pé ọkọ̀ tó ń gbé òun lọ Ọ̀yọ́ máa kúrò ní Sábó ní òwúrọ̀ Ẹtì, aago mẹ́fà kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Awakọ̀ náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí ó máa kọjá lábẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, màá na lẹ́tà yìí sí i.

Nítorí náà, bí Zulaikha bá gbé e dé ọ̀dọ̀ yín tí èmi sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kà á, ẹ fún mi lómi. Bí òun nìkan ló bá dé, ẹ má dúró fèsì. Ìkòyí-Ilé ni kí ẹ gbà lọ, ẹ̀yin àti Ìyá Bọ́lánlé, kí ẹ mú lẹ́tà yìí lọ fún ọlọ́pàá kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ẹ wí fún wọn pé èmi Ẹ̀yẹolúwa kọ ọ́ pé mi ò fẹ́ lọ. Ọjọ́ kìíní á ti bẹ̀rẹ̀ láti Ẹtì. Ẹ mọ iye ọjọ́ tí ara mi lè gbà.

Mo ti ṣí àpótí náà. Kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ Sístà Leah kò ṣe pàtàkì. Ìdè ẹ̀yìn ìdérí kì í ṣe irin, awọ ni, òwú ni wọ́n fi rán an mọ́ pákó. Ọmọ yín ni mí. Mi ò lò ju bí ìgbà tí èèyàn ń ka orí Bíbélì kan lọ láti tú u, mo sì ti rán an padà. Oògùn mi wà lábẹ́ ìgò méjì. Mo ti gbé yẹ́lò kan mì láìsí omi. Awò Bọ́lánlé wà ní ìbàdí mi báyìí, mo fi gèlè dì í. Ìyá rẹ̀ á rí nǹkan fi hàn wọ́n.

Ohun tó kù ni Rose. Òun ni wọ́n fi tì mí láti ìgbà tí mo ti kó lọ sọ́dọ̀ wọn, ó ń bá mi wá sí ibí láràárọ̀. Ó ṣì ń di ọwọ́ mi mú bí ti ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kì í fi í sílẹ̀ mọ́. Yàtọ̀ sí ọ̀sán yìí tí wọ́n ní kó wá bá wọn di ẹrù ọkọ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i kó fi mí sílẹ̀: lọ́jọ́ tí mo gbàgbé láti wọ́n omi, eruku dìde, ó sín títí ó fi sá jáde síwájú ilé. Ó pẹ́ kó tó wọlé. Ilẹ̀kùn kan wà lẹ́yìn pẹpẹ, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló gbà dé títì. Àwọn tó ń di ẹrù ló wà níbẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n láàárọ̀ kì í sí ẹnikẹ́ni. Láti ibẹ̀ dé Sábó, ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ le. Lónìí mo ti dì mọ́ bẹ́ǹṣì lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dé pẹpẹ. Mi ò mọ iye ìṣẹ́jú tó máa jẹ́ fún mi.

Mo gbọ́ ohùn Zulaikha tó ń bọ̀, "Àlùbọ́sà rèé o!" Mo gbọ́dọ̀ pa á dé. Ojú méje ni, ẹ kà á.

Lọ́la, aago márùn-ún ààbọ̀, màá wọ ibí pẹ̀lú ìgbálẹ̀ bí ti gbogbo ọjọ́. Màá bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ pẹpẹ. Mi ò ní wọ́n omi. Màá gbálẹ̀ náà gbẹ, pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù lápá mi, títí Rose á fi jáde síwájú ilé, tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn á fi kù fún èmi nìkan. Omi tó yẹ kí n fi wọ́n ilẹ̀, màá gbé garawa náà sẹ́nu, màá mu ún.

Ẹ̀yẹolúwa.